Eyín Iwájú Méjì, Ààwẹ̀ Ọdún Kan

Ajé, 5 Ṣẹ́rẹ́

Mo jẹ ìrèké lọ́sàn-án yìí, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrèké ló gé mi létè. Nígbà tí mo wo dígí, ẹran ìdí eyín ni. Mo fi ìka kan eyín iwájú òkè méjèèjì, wọ́n mì. Ti òsì mì ju ti ọ̀tún lọ. Mo da ìrèké tó kù nù kí Hikmat ọmọ mi tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

Àná ni Ìmáàmù Ishaq ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Alhaja tó máa ń ka Kùránì fún àwọn obìnrin lóṣù ààwẹ̀ ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, kò sì ní padà. Wọ́n ní, "Kúlúsúmù, ìwọ ni a fẹ́ kó kà á lọ́dún yìí." Ọgbọ̀n ọjọ́, ìdá kan lójúmọ́, lórí gbohùngbohùn. Àwọn ìyá láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dé Kúdẹtì ni yóò máa wá gbọ́ ọ. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ni ní kéwú, kò sí ẹni tó fi irú rẹ̀ lọ̀ mí rí. Omi bọ́ lójú mi níwájú wọn.

Lónìí, eyín ń mì. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú Kùránì tó jẹ́ pé etí eyín òkè yìí gan-an ni ahọ́n gbọ́dọ̀ kàn kí wọ́n tó jáde bó ṣe yẹ. N kò sọ fún Bàbá Hikmat.

Àlàmísì, 8 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo ènìyàn ló là. Mo rí àwáwí fi ìbòrí bo ẹnu.

Mo ra ìdì pákò orin ata kan ní Ọjà'ba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Obìnrin tó tà á fún mi ní èjì mi ń dára sí i, pé ó dà bíi pé mo tún ń padà di ọmọge. Mo rẹ́rìn-ín. Èjì yìí kò sí lẹ́nu mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí n má parọ́, ó ti ń wù mí láti ìgbà tó ti yọ.

Àìkú, 11 Ṣẹ́rẹ́

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àwọn ìyá lónìí, Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó títí gbogbo àwọn yòókù fi lọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kéwú lọ́dọ̀ mi, láti orí álífù. Eyín ẹnu wọn kò ju mẹ́rin lọ. Wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá ní:

"Ùstásà, ẹ má bínú sí mi."

"Kí ló dé, ìyá?"

"Ẹnu yín ń rùn. Kò ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé àwọn tó ń jókòó níwájú ti ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ràn yín."

Etí mi gbóná. Èmi tí mò ń kọ́ wọn pé Ànábì fẹ́ràn kí ẹnu mọ́. Èmi tí mò ń run pákò kí n tó kírun, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Báyìí ni tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rùn, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, eyín wá ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù. Mo pè é ní ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn. Ẹ má ṣe bíi tèmi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ni mo fi dúpẹ́, ọkàn mi kò tíì lè dúpẹ́.

Ìṣẹ́gun, 13 Ṣẹ́rẹ́

Mo gún èédú kúnná, mo po iyọ̀ mọ́ ọn. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun, èyí tó le jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mo ń fi agbára fọ̀ ọ́ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde.

Jímọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́

Kò sí iná láti ọjọ́ Ajé. N kò lè jẹ nǹkan gbígbóná, n kò lè mu nǹkan tútù.

Àìkú, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mo jí, ètè òkè mi ti wú kan imú. Ara mi gbóná. Wòlímọ̀ àwọn ọmọ márùn-ún tí mo kọ́ ni lónìí, èmi ló sì yẹ kí n ṣí i. Mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n má dúró dè mí. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n ń kà á dáadáa, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n mo ti orí bọ aṣọ.

Ní agogo méjì, Bàbá Hikmat ti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Bẹyẹrúnká dé. Ìdajì fìlà kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́bàá mi.

"Kí ló ń dùn ọ́?"

"Orí ni."

"Orí kọ́. Láti ọdún Iléyá ni mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí rẹ."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún fìlà náà, wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Mò ń dúró de ìgbà tí wàá sọ fún mi. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ọ́. Àṣìṣe mi ni, Kúlúsúmù. Ìtìjú tí mo fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo fún un láyè láti gbé inú ilé wa. Lọ́la, a jọ ń lọ."

Wọ́n ti mọ̀ láti oṣù méje sẹ́yìn. Wọn kò kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́jọ́ kan.

Ajé, 19 Ṣẹ́rẹ́

Ilé ìwòsàn eyín ní Máàpó. A dé ibẹ̀ kí agogo méje tó lù, èèyàn méjìlá ti wà níwájú wa.

Dókítà Japheth kò tíì tó àbúrò mi àbígbẹ̀yìn lọ́jọ́ orí. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń jẹ́ Bertha, ọmọ Ògójà tó ti gbé Pópó Yemọja fún ọgbọ̀n ọdún. Yorùbá rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Wọ́n kọ́kọ́ tú ọyún tó wà nínú ìwúsókè náà. Mo di ọwọ́ àga mú títí ọwọ́ mi fi kú. Nígbà tí ọyún jáde, ara tù mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí àga.

Lẹ́yìn náà ni dókítà mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìlà lára, ó ń fi tọ ìdí eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń pe nọ́ńbà, Bertha ń kọ ọ́. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Márùn-ún. Méje.

Mo bi í pé kí ló ń kà.

"Mà, èrìgì tó bá dára máa ń fún mọ́ ọrùn eyín bí ọrùn ẹ̀wù ṣe ń fún mọ́ ọrùn. Irin yìí kò yẹ kó wọlé ju ìlà méjì sí mẹ́ta lọ. Tiyín ti ṣí sílẹ̀ bí àpò. Níbi eyín iwájú òkè, méje ló wọlé."

Ó fún mi ní dígí, ó tan iná sẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ó le bí ohun tó máa ń dì sí ìdí kẹ́tù.

"Ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́ ni. Bí a kò bá gbá a kúrò, á dì, á le bí òkúta. Tó bá ti le báyìí, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tàbí èédú tó ká a. Òun ló ń ti èrìgì sẹ́yìn, tí egungun tó di eyín mú fi ń jẹrà lábẹ́."

"Ṣùgbọ́n mò ń run pákò."

"Ẹ fi hàn mí."

Mo mú un jáde nínú báàgì, mo run ún níwájú wọn. Bertha rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dun ni. Ó ní, "Mama, iwájú ilé nìkan lẹ ń gbá. Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò fi pákò kan ẹ̀yìn eyín mi rí.

Dókítà bi mí pé ìgbà wo ni èjì yìí yọ. Mo ní bí ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Kì í ṣe èjì, mà. Eyín yín ló ń rìn kúrò ní àyè rẹ̀." Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ òkúta lọ.

Ó tún bèèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí, bóyá mò ń dìde tọ̀ lóru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó gún mi níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan. 268. Bertha ní kò yẹ kó tó igba.

"Ó jọ ìtọ̀ ṣúgà, mà. Mo kọ ìwé fún yín, ẹ ó lọ rí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́túnla. Ṣúgà ń ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó ń ṣọgbẹ́ sì ń mú kí ṣúgà le. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. A ó jọ dojú kọ àwọn méjèèjì."

Mo bèèrè ohun tó gbé mi wá. "Eyín iwájú méjèèjì ńkọ́? Ààwẹ̀ ku oṣù kan."

"N kò ní tàn yín. Ti ọ̀tún, mo ní ìrètí. Ti òsì, n kò lè ṣèlérí."

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Máàpó, mo ń sunkún lábẹ́ ìbòrí. Bàbá Hikmat kò sọ pé kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ká ní ẹnu kò ké, ta ni ì bá sọ fún wa pé ṣúgà wà lára rẹ?" Mo ń ro ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi ń kọ èyí.

Àlàrùba, 21 Ṣẹ́rẹ́

Ìtọ̀ ṣúgà ni lóòótọ́. Oògùn àárọ̀ àti alẹ́. Kí n dín ẹ̀bà kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí n má mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Mo sọ fún wọn pé hóró ṣúgà márùn-ún ni mò ń fi sínú tíì. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ajé, 26 Ṣẹ́rẹ́

Apá ọ̀tún ẹnu mi ni wọ́n kọ́kọ́ ha. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ mẹ́ta, ìdajì ẹnu mi kú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha á ń ké bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo. Wákàtí kan gbáko. Bertha gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ń ní kí n máa gba imú mí. Nígbà tó parí, ó fi ohun tó bọ́ sínú abọ́ hàn mí, wẹ́wẹ́ bí yangí. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti ń gbé e kiri?

Lójú ọ̀nà, mo fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀. Ó ń dán. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá.

Ìṣẹ́gun, 27 Ṣẹ́rẹ́

Ó ń ro mí. Ògì tí kò ní ṣúgà, mọ́ínmọ́ín rírọ̀. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Hikmat ló bá mi kọ́ àwọn ọmọ lónìí. Ohùn rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá, mo dúpẹ́.

Ajé, 2 Èrèlé

Apá òsì. Ó dùn ju ti ọ̀tún lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, Bertha mú eyín onírọ́bà ńlá kan jáde, ó kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní álífù. Kí búrọ́ọ̀ṣì rọ̀. Kí n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí ó kan ìdí eyín níbi tó ti pàdé èrìgì, kí n máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má fi agbára ṣe é. Ẹ̀yìn, iwájú, orí èyí tí a fi ń jẹun. Ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ti alẹ́ má sì yẹ̀. Mo bi í pé ṣé kí n ju pákò nù.

"Kí ló ṣe yín tí ẹ ó fi jù ú nù? Ẹ jẹ ẹnu rẹ̀ títí á fi rọ̀ bí ìgbálẹ̀, kí ẹ wá mú un dé ẹ̀yìn. Pákò kò ṣẹ̀, Mama. Ọwọ́ ló ṣẹ̀."

Ó tún fún mi ní òwú tí wọ́n fi ń gba àárín eyín. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà. Nílé, Bàbá Hikmat mú òwú náà, wọ́n fà á gbọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n wò ó lójú iná.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń fa òwú gba ojú abẹ́rẹ́. N kò mọ̀ pé eyín náà ní tirẹ̀."

Wọ́n bá mi ge é. Wọ́n ge tiwọn náà.

Àìkú, 8 Èrèlé

Mo fọ ẹnu láàárọ̀, mo tutọ́. Funfun. Mo pe Hikmat kó wá wò ó.

"Màmá mi, itọ́ lẹ pè mí wá wò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àlàmísì, 12 Èrèlé

Dókítà Japheth mú irin rẹ̀, ó tún kà á. Eyín ọ̀tún ti ń dúró. Ti òsì kò mú nǹkan kan mọ́. Bí ó bá mí sí i, á mì. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀, ọyún lè tún kó síbẹ̀ láàárín ààwẹ̀, ó sì lè ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, mà. Ẹ lè lọ ronú sí i."

Mo ronú níbẹ̀, lórí àga. Mo ní kó yọ ọ́.

Kò pẹ́ rárá. Ó fi hàn mí, gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ fẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nínú ẹran rí. Mo jẹ òwú mọ́ ibẹ̀, mo fi ìbòrí bo ẹnu, mo lọ sílé.

Jímọ̀, 13 Èrèlé

Lẹ́yìn Jímọ̀, mo lọ bá Ìmáàmù Ishaq láti dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn. Mo ṣí ẹnu, mo fi hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, kí n má bàa ba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́ lórí gbohùngbohùn.

Wọ́n ní kí n jókòó. "Kà fún mi."

Mo ka ojú ìwé kan. Nígbà tí mo dé ibi àwọn lẹ́tà yẹn, afẹ́fẹ́ fé jáde bí ìfé. Wọ́n di ojú.

"Tún un kà. Fi ahọ́n rẹ sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀."

Mo tún un kà.

"Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Máa ṣe é. Bó bá jẹ́ ẹni tí eyín rẹ̀ pé nìkan ni Ọlọ́run ń gbọ́ tirẹ̀, àwa àgbà ì bá ti fi mọ́sálásí sílẹ̀ tipẹ́." Wọ́n dìde. "N kò gba iṣẹ́ mi padà."

Àìkú, 15 Èrèlé

Ìyá Àṣàkẹ́ wá lónìí, kì í ṣe láti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n jókòó níwájú mi, wọ́n la ẹnu, wọ́n fi ibi tí ahọ́n wọn ń dúró hàn mí nígbà tí wọ́n bá ń pe lẹ́tà tó nílò eyín tí wọn kò ní. "Ẹ má jẹ́ kó yára. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sinmi lé èyí tó kù, kí ẹ wá rọra tú èémí sílẹ̀." Odidi ọdún méjì ni mo fi ń ṣàtúnṣe ohùn wọn, n kò bi wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wákàtí méjì ni a fi ṣe é. Èmi ni mò ń kà, àwọn ni wọ́n ń ní kí n tún un kà.

Ajé, 16 Èrèlé

Dókítà ìtọ̀ ṣúgà ní mo lè gbààwẹ̀, ó yí àsìkò oògùn padà. Ẹ̀rọ kékeré náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju àádọ́rin lọ, kí n ṣínu lójú ẹsẹ̀. Lónìí 141. Alhamdulillah.

Àlàrùba, 18 Èrèlé

Ààwẹ̀ kìíní. Oòrùn mú, ọyẹ́ ti lọ. Mo fọ ẹnu lẹ́yìn sààrì, mo fa òwú, mo run pákò kí n tó jáde ní ọ̀sán.

Àwọn obìnrin kún inú àti ìta. Nígbà tí mo dé lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mò ń bẹ̀rù, mo rántí kí n má yára. Ó jáde. Kò jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde, ó sì yé ni. Mo ń kà lọ. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, àwọn tó jókòó níwájú kò tíì sún sẹ́yìn.

Ajé, 23 Èrèlé

Ọjọ́ kẹfà. Ohùn há díẹ̀. Eyín dúró.

Ìṣẹ́gun, 3 Ẹrẹ́nà

Mo ti mọ̀ láti òwúrọ̀ pé ara mi kò dúró. Ní agogo kan kọjá, bí mo ṣe fẹ́ jáde lọ kàwé, òógùn tútù bò mí. Mo gún ìka. 62. Hikmat, tó tètè ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ti ń po ṣúgà sínú omi kí n tó sọ̀rọ̀. Mo mu ún. Ìtìjú mú mi ju ti ọjọ́ tí wọ́n ní ẹnu mi ń rùn lọ.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ. Mo gbé gbohùngbohùn, mo sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lẹ́yìn mi: "Mo ti ṣínu lónìí. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára mi, Ọlọ́run ló ní kí aláìsàn ṣínu, kó sì san án padà. Ibi eyín ni wọ́n ti rí i lára mi, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì mi, mo sì fi pamọ́." Mo ṣí ìwé. Mo kàwé.

Lẹ́yìn àdúrà, mo rò pé wọ́n á yà mí sọ́tọ̀. Obìnrin mẹ́fà ló dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Èkíní ní, "Ùstásà, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde yẹn, ṣé kò kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni?"

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 8 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn Alásárì, ó lu páànù títí a kò gbọ́ ohùn ara wa. Ilẹ̀ tutù. Ìṣínu dùn lónìí: ẹ̀wà, ẹja, ọsàn kan ṣoṣo.

Àlàmísì, 12 Ẹrẹ́nà

Bertha pè mí lórí fóònù. Ó ní obìnrin mọ́kànlá ló ti sọ pé èmi ni mo ní kí àwọn wá, Ìyá Àṣàkẹ́ sì wà lára wọn nítorí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu wọn. Ó ní kí n má kó gbogbo Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wá lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Mo bá Hikmat lẹ́yìnkùlé tó ń fọ ẹnu. Itọ́ tó tu sílẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó yára da omi lé e.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ kíláàsì ẹ̀ẹ̀sì-ẹ̀ẹ̀sì tíríì."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó nu ẹnu. "Ẹ̀yin náà kò sọ, Màmá mi."

Kò sọ ọ́ bí àrífín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní kí n má bẹ òun.

Àlàmísì, 19 Ẹrẹ́nà

Mo parí rẹ̀ lónìí, ìdá ọgbọ̀n. Ohùn mi já lẹ́ẹ̀mejì níbi àdúrà, mo dúró títí ó fi padà. Ìmáàmù Ishaq dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin, wọn kò wọlé. Wọ́n ní, "Ọlọ́run gbà á." Wọ́n lọ. Mo jókòó lórí ẹní títí gbogbo wọn fi túká. N kò tọrọ nǹkan kan, mo kàn ń dúpẹ́.

Jímọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Ọdún. Mo gé ẹran mi wẹ́wẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo fi jẹ ẹ́. Bàbá Hikmat rán fìlà tuntun fún ara wọn, wọ́n rán ìbòrí fún mi. A ya fọ́tò. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àlàfo mi.

Ajé, 30 Ẹrẹ́nà

Ilé ìwòsàn. Dókítà Japheth ka nọ́ńbà, Bertha kọ ọ́: mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta. Níbi eyín iwájú ọ̀tún, mẹ́rin. Ó fi ìka mì ín, kò mì. Ó ní kí n wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a jọ máa ṣọ́ ọ, kì í ṣe ìgbà tó bá ń dùn mí nìkan. Bí ojú ibi tí wọ́n yọ bá jinná tán, wọ́n lè fi eyín àtọwọ́dá síbẹ̀ bí mo bá fẹ́. Mo ní n ó rò ó.

Lẹ́yìn náà ni ó pe Hikmat.

Mo fẹ́ bá a wọlé, dókítà ní kí n jókòó síta. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó fi ọwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń dúró de igbe ẹ̀rọ yẹn, mo sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Mo ń fọkàn ka àdúrà. Mo ń ronú lórí abẹ́rẹ́ mẹ́ta, abọ́ tó kún fún yangí, gbòǹgbò tó mọ́ fẹ́ẹ́ lọ́wọ́ dókítà.

Bertha yọjú. "Mama, ẹ fara balẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára tirẹ̀ ni, egungun rẹ̀ pé pérépéré. A ti gbá a kúrò. Kó máa fọ̀ ọ́ bí mo ṣe fi hàn án, ẹ̀jẹ̀ á dá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé."

Ogún ìṣẹ́jú. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan.

Hikmat jáde, ó ń fi ahọ́n tọ ẹ̀yìn eyín rẹ̀, ó wò mí tìyanutìyanu.

"Ṣé kò ju báyìí náà lọ?"

Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí ojú sí ògiri kó má bàa rí i pé mò ń sunkún. Ó fà mí lọ́wọ́ dìde. Ó ní ebi ń pa òun.